Gìtá Tó Ń Kùn: Iṣẹ́ Ọwọ́ Mi ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa kọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n bá yín sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí èmi ṣe kò lórúkọ gidi kan tí ènìyàn lè kọ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí gìtá oníná bá ń kùn bí oyin tó wà nínú ihò igi, wọ́n á gbé e wá fún mi, màá wá ohun tó ń mú un kùn, màá sì pa á lẹ́nu mọ́. Ìyá Gìtá ni wọ́n ń pè mí ní Ìpakodò ní Ìkòròdú títí dòní, bẹ́ẹ̀ mi ò lè ta orin kan délẹ̀ kí n má ṣì í. Bánkọ́lé ọkọ mi ló mọ gìtá ta. Ó ti kú báyìí, èmi náà ti fẹ̀yìn tì, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí lójoojúmọ́. Gìtá tó fi sílẹ̀ fún mi náà ya odi nígbà òjò tó kọjá. Nítorí gìtá yẹn ni mo ṣe gbé bírò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀ kó lè yé yín.

Ọmọ apẹja ni mí. Láti etí òkun Ìlàjẹ làwọn òbí mi ti wá tẹ̀dó sí abúlé kan lórí ọ̀sà, tí ilé gbogbo wà lórí òpó, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ àwọ̀n tún ṣe. Ìka mi máa ń mọ okùn tó fẹ́ já kó tó já, mi ò sì mọ̀ pé ẹ̀bùn nìyẹn, torí gbogbo ọmọbìnrin abúlé wa ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Rédíò bàbá mi ló mú mi dé ìdí iṣẹ́. Ó bàjẹ́, èmi àti Màmá sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Làmídì tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọjà ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Wáyà kan tó tín-ín-rín ju irun orí ló lọ́ mọ́ra ẹ̀ níwájú Ọ̀gá lọ́jọ́ náà, ó sì ti ń bínú sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n bá a tú u. Mo tú u tán láìjá, ó wo ìka mi, ó wo Màmá, ó ní kó fi mí sílẹ̀ fún òun. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Èmi nìkan sì ni obìnrin nínú àwa tá a wà níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Ọ̀gá Làmídì, nínú àwọn ìdílé Mùsùlùmí tí àwọn baba ńlá wọn sá wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọkùnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀, kì í sì í pariwo mọ́ ènìyàn. Bó o bá ṣe àṣìṣe, á kàn ní kó o tú gbogbo ẹ̀, kó o tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyẹn máa ń dunni ju ẹgba lọ. Rédíò ló ń tún ṣe jù, ṣùgbọ́n àwọn olórin tó ń kọjá lọ sí Ìjẹ̀bú ti gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n ń gbé gìtá wọn wá.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí gìtá oníná sún mọ́ rí. Lábẹ́ okùn ẹ̀, nǹkan pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní píkọ́ọ̀pù. Mágínẹ́ẹ̀tì ló wà nínú ẹ̀, tí wọ́n wé wáyà tín-ín-rín mọ́ lára ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Òun ló ń gbọ́ okùn, tó ń ròyìn fún ámpù, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá jáde. Èyí tó jẹ́ pé ìdì wáyà kan péré ló wà nínú ẹ̀, ohùn rẹ̀ máa ń mọ́ gan-an, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbọ́ okùn náà ló ń gbọ́ gbogbo iná tó wà nínú ilé, títí kan fáànù àti gílóòbù. Ìyẹn ló ń mú un kùn.

Ọ̀gá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irinṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó máa ń ní kí n kọjú sí ògiri, á tan gìtá kan lẹ́yìn mi, á ní kí n sọ irú ariwo tí mo gbọ́. Ó ní ariwo méjì ló wà. Ọ̀kan máa ń rọlẹ̀ bí olórin bá ti fọwọ́ kan okùn. Ìyẹn á jẹ́ kó o mọ̀ pé inú gìtá kò ní ohun tó bò ó. Èkejì kò bìkítà fún ọwọ́ ẹnikẹ́ni, àfi bí olórin bá yí ara padà síhìn-ín sọ́hùn-ún ló máa ń dínkù. Ìyẹn wá láti ara ìdì wáyà fúnra ẹ̀. Ohun tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni kí ó gé áàtì, wáyà tó ń gbé iná burúkú lọ sínú ilẹ̀, torí kí ariwo lè dákẹ́. Mo rí i tó lé ọmọ iṣẹ́ kan lọ nítorí ẹ̀. Àwọn òbí ọmọ náà wá bẹ̀bẹ̀, kò gbọ́.

Nígbà tó wá kọ́ mi bí a ṣe ń wé píkọ́ọ̀pù, orí ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ kan tó ti tú abẹ́rẹ́ ẹ̀ kúrò ló ti kọ́ mi. Ẹ̀rọ tó ń ka iye kò sí. Tẹ̀sùbáà ni Ọ̀gá fi ń kà á. Bó o bá yí i pé ọgọ́rùn-ún, wàá tari ìlẹ̀kẹ̀ kan, wàá tún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe èyí tó fi ń ṣe àsíkìrì o. Ti iṣẹ́ dá wà lórí ìṣó, kò sì jẹ́ dé ibi ẹní ìrun rẹ̀. Èèwọ̀ ni kí ẹni tó ń wé wáyà sọ̀rọ̀, torí bí iye bá ti dàrú, títú ni.

Ìdí tẹ̀sùbáà yìí ni mo wà lọ́jọ́ kan tí Màmá yọjú. Ó rí ọmọ tó bí sínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó gbé ìlẹ̀kẹ̀ Mùsùlùmí dání, tí ètè rẹ̀ ń mì, tí ojú rẹ̀ le koko. Ó pè mí, mi ò dáhùn. Ó tún pè mí, mo kàn fi ojú bẹ̀ ẹ́ ni. Ó yí padà, ó lọ. Kò pẹ́ rárá tó fi dé pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ wa méjì tí wọ́n wá ta ẹja lọ́jà, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lé mi lórí. Ẹ̀rín ń gbọ̀n mí nínú, omi sì ń bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mò ń kà. Ọ̀gá Làmídì jáde láti ẹ̀yìn, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí ọgọ́rùn-ún tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ná."

Wọ́n dúró. Mo kà á parí, mo tari ìlẹ̀kẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn. Màmá bi mí bóyá kéwú ni mò ń ké. Mo ní wáyà ni mò ń kà. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, nǹkan tí a kì í sábà rí, ó gbé píkọ́ọ̀pù náà fún ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa kó fọwọ́ bà á. Láti ọjọ́ náà, Màmá kì í wá Ẹ̀pẹ́ kó má mú ẹja yíyan dání fún Ọ̀gá.

Orí ìjókòó yẹn náà ni mo wà nígbà tí Bánkọ́lé dé. Ìjẹ̀dẹ́ ló ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá, ó fi aṣọ ìbora we gìtá ẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ó ń ta gìtá nínú ìjọ wọn, ó sì tún ń bá ẹgbẹ́ olórin kan jáde. Ó ga, ó sì lẹ́nu púpọ̀. Ó ní gìtá òun ń kùn débi pé àwọn ènìyàn rò pé òun ló ń ráhùn. Ọ̀gá ní kí n bójú tó o.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò, áàtì ẹ̀ dára, ọwọ́ kò pa ariwo náà tán, mo sì mọ̀ pé ariwo kejì ni. Mo ní kó yí sọ́tùn-ún díẹ̀. Ó yí. Mo ní kó tún yí. Bó ṣe ń yí ni ariwo ń lọ sílẹ̀, títí ó fi dákẹ́ pátá. Ibi tó kọjú sí nígbà náà, ibi tí mo jókòó sí gan-an ni.

"Ṣé ibí ni kí n máa kọjú sí?" ló bi mí.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀ọ̀dá, títí wọ́n á fi pa iná tó wà lẹ́yìn yín."

Ó ní kí wọ́n má pa iná náà. Gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín mi, mo sì wo ilẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá ìṣó. Lẹ́yìn ìyẹn, kì í pẹ́ kó má tún dé, láìsí ohun tó ṣe gìtá. Ọ̀gá wò ó títí, ó ní ara gìtá bọ̀ọ̀dá yìí le o, bọ̀ọ̀dá fúnra ẹ̀ ni kí wọ́n tọ́jú.

Mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó dáa fún un. Mo wé píkọ́ọ̀pù oní-ìdì-méjì, tí èkejì yí lódì sí èkíní, kí ariwo tí ọ̀kan bá gbé wọlé lè pa ti èkejì. Ó dákẹ́ lóòótọ́, inú mi dùn, Ọ̀gá pàápàá mi orí. Bánkọ́lé ta á fún ìgbà díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó ní ó ti sanra jù, pé ohùn tó mọ́ yẹn ti lọ. Ó ní kí n bá òun wé ìdì kan ṣoṣo padà. Mo ní yóò máa kùn. Ó ní kó máa kùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó ti tẹ̀sùbáà, tí mo wé èyí tó wà nínú gìtá náà di òní.

A fẹ́ra, a kó wá sí Ìpakodò, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Ṣọ́ọ̀bù wà níwájú, yàrá wà lẹ́yìn, pákó ló là wọ́n láàárín. Iṣẹ́ ya wọlé. Àwọn ìjọ ń ra gìtá nígbà yẹn, kò sì sí ilé tó ní áàtì tó dáa. Mo máa ń fi bébà dídán inú páálí sìgá bo inú gìtá fún àwọn oníbàárà, torí èyí tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Àlùfáà kan ní Ìkòròdú tú gìtá ìjọ ẹ̀, ó rí orúkọ sìgá lẹ́yìn bébà, ó sì pe gbogbo akọrin jókòó kí ẹni tó ń mu ún jẹ́wọ́. Èmi ni mo lọ tú wọn sílẹ̀. Ti Bánkọ́lé nìkan ni mi ò bò. Ó ní aṣọ kò yẹ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi ṣẹlẹ̀ níbi ìkórè ìjọ kan ní Ìjẹ̀dẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n lò fún ámpù, iná ìjọba ni wọ́n so makirofóònù mọ́. Mo jókòó láàárín àwọn obìnrin, mo ń gbọ́ bí gìtá ọkọ mi ṣe ń kùn lábẹ́ orin, kò sì yà mí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa ámpù díẹ̀, wọ́n tún tan án, ariwo náà sì ti lọ. Ó lọ pátá. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ. Ní tèmi, ẹ̀rù bà mí, torí mo mọ gìtá yẹn, kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo dìde. Mo ń la àárín àga kọjá, mo ń pe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlù ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin náà ti fi páláyà gé ẹsẹ̀ áàtì kúrò lára púlọ́ọ̀gì. Ámpù náà sì ní àìsàn nínú, tó jẹ́ pé áàtì nìkan ló ń gbé iná burúkú ibẹ̀ lọ sílẹ̀. Bánkọ́lé di okùn mú, ó sún ẹnu mọ́ makirofóònù kó lè kọrin, iná sì gba ara rẹ̀ kọjá láti ọwọ́ dé ẹnu. Ó ṣubú pẹ̀lú gìtá lára. Ọwọ́ rẹ̀ di okùn pinpin, kò lè ṣí i. Ẹnì kan sáré pa jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣí, kò sì mọ̀ mí.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò kú. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù, ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, àfi ìka méjì lọ́wọ́ òsì tí kò ká dáadáa mọ́. Ọkùnrin tó gé áàtì wá dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún. Bánkọ́lé ní kó dìde, pé kí orin lè dùn ló ṣe ṣe é. Èmi ò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní tèmi. Mo ti pinnu pé mi ò ní fọwọ́ kan gìtá mọ́, mo ti ń bi àwọn ènìyàn léèrè ọjà ẹja yíyan.

Ọ̀gá Làmídì gbọ́, ó wọ ọkọ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ogbó rẹ̀. Ó jókòó ti Bánkọ́lé fún ìgbà pípẹ́ kó tó yíjú sí mi.

"Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ nígbà tó dákẹ́," ló wí. "Ìwọ nìkan lo dìde. Bó o bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ta ni yóò dìde lọ́jọ́ mìíràn?"

Mo padà sídìí iṣẹ́. Èmi àti Bánkọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri ìjọ, láti Ìjẹ̀dẹ́ títí dé àwọn abúlé orí ọ̀sà tí wọ́n ń lo jẹnẹrétọ̀, mò ń tú púlọ́ọ̀gì wọn wò. Èyí tó bá ti pàdánù ẹsẹ̀ áàtì, màá pààrọ̀ ẹ̀, màá sì dúró títí wọ́n á fi gbọ́ ìdí ẹ̀. Òun náà kọ́ bí a ṣe ń fi ìka tó kù ta gìtá. Kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀, ó máa ń fo àwọn ibì kan nínú orin. Mo wá fẹ́ràn àwọn ibi tó ń fò yẹn ju èyí tó ń ta lọ.

Ayé yí. Bébà bàbà tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn dé, a kò wá páálí sìgá mọ́. Ẹ̀rọ tó ń wé wáyà tó ń ka iye fúnra ẹ̀ dé. Gílóòbù tuntun tí wọ́n ní kì í jẹ iná gba gbogbo ilé, ínfátà dé, kálukú ní ṣájà fóònù tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, gbogbo wọn ló sì ní ariwo tiwọn tí ìdì wáyà ń gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni píkọ́ọ̀pù tí kì í kùn rárá ti òkè òkun dé, tí ohùn ẹ̀ kò sì sanra bíi tèmi àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ìjọ tilẹ̀ fi gìtá sílẹ̀, wọ́n gba kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀gá Làmídì kú ní Ẹ̀pẹ́, ọjà sì ti gba ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, mi ò mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà mọ́, mo kàn dúró láàárín àwọn tó ń ta ẹja. Ojú mi náà kọ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún Tóyìn ọmọbìnrin wa, tó kọ́ṣẹ́ náà lọ́dọ̀ mi. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ má bẹ̀rù láti gbé tiyín lọ.

Bánkọ́lé ṣàìsàn díẹ̀, ó sì lọ. Mo fi gìtá ẹ̀ kọ́ ògiri yàrá, mi ò tàn án. Nígbà òjò tó kọjá ni mo ní kí Tóyìn bá mi tàn án, kí n kàn gbọ́ ọ. Gìtá náà kò dún rárá. Tóyìn yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní afẹ́fẹ́ iyọ̀ ọ̀sà ti jẹ wáyà inú píkọ́ọ̀pù, ó ti já. Ó ní kí n má dààmú, pé èyí tí kì í kùn wà ní ṣọ́ọ̀bù, òun á fi sí i, á dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sunkún. Mi ò lè sọ ìdí ẹ̀ fún un nígbà yẹn, mo kàn ní kí á wé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ padà.

Ó gbà fún mi. Ó gbé ẹ̀rọ ìgbàlódé rẹ̀ wá sórí tábìlì, ó ń yí i, èmi ń fi ìka darí wáyà. Mi ò rí wáyà náà rárá, mo kàn ń mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí á parí, ó já. Tóyìn wo ojú mi, ó ní kí á sinmi, kí á ṣe é lọ́jọ́ mìíràn. Mo ní kó tú u. Ó tú u láìjiyàn, a tún bẹ̀rẹ̀, kò sì já mọ́.

Ó ti tó ìrọ̀lẹ́ nígbà tó fi í padà sínú gìtá. Ó so okùn mọ́ ọn, ó ti wáyà ẹ̀ bọ ámpù, ó tàn án. Ó kùn. Ó kún gbogbo yàrá.

"Màámi, ó ti jí," Tóyìn wí. "Ẹ jẹ́ kí n lẹ bébà bàbà sínú ẹ̀, kí n pa ariwo yìí."

Ó na ọwọ́ kó fi kan okùn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má tíì fọwọ́ kàn án," mo ní. "Bàbá ẹ kì í kí mi tó bá ti òde orin dé. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ló máa ń dúró sí, á ti gìtá bọ ámpù, màá wà lẹ́yìn pákó, màá kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Kó tó fọwọ́ kan okùn báyìí, mo ti mọ̀ pé ó ti dé. Bí bàbá ẹ ṣe máa ń wọlé nìyẹn."

Tóyìn fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì, ó gbé orí lé èjìká mi. A jókòó bẹ́ẹ̀, a ń gbọ́ ọ, títí wọ́n fi mú iná lọ.